Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, tó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lẹ lè mú láti lọ gbé, èwo lẹ máa mú?

Rewáyà_Aṣerò
Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe. Mo ka iṣẹ́ iná mànàmáná dé HND ní MAPOLY, iṣẹ́ yẹn náà ni mo sì ń ṣe láti ìgbà tí mo ti sin ìlú tán. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Mo níyàwó, Ọlọ́run fún wa lọ́mọ méjì, màmá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa lọ́nà Àlàbàtà, èmi àti àbúrò mi ti fẹnu kò pé ká tà á. Èyí tó bá kàn mí níbẹ̀ kò lè gbé wa lọ síbi méjì. Ẹ̀ẹ̀kan náà la máa náwó náà.

Ẹnu àwọn èèyàn ò wá kò. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Kánádà ní ká máa bọ̀. Ọ̀rẹ́ tá a jọ kàwé sọ pé Jámánì layé wà báyìí. Ìyàwó mi ní Ìlú Ọba lòun fẹ́, torí èdè. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù wa sọ pé Dubai lowó ti ń yá. Ẹ má kàn dárúkọ ìlú fún mi o, ẹ sọ ìdí rẹ̀.

Adúkẹ́_Ọbàntókò
Kánádà. Ẹ tẹ̀ síwájú.

Ọ̀dọ́_Sàpọ́n
Ẹ̀gbọ́n, Ìlú Ọba ni kí ẹ lọ jàre. Ẹ fi físà àwọn tó ń tọ́jú arúgbó wọlé, ẹ kó ìyàwó àti ọmọ dání. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tán, ẹ wá rọra yà sídìí iṣẹ́ rewáyà yín. Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ń sọ, kò sóhun tẹ́ ẹ máa jẹ nílé tẹ́ ò ní rí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí-Àbà
Ọ̀dọ́ Sàpọ́n, ọ̀rọ̀ àná lò ń sọ o. Láti Oṣù Kẹta 2024 ni wọn ò ti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú kó ìyàwó tàbí ọmọ wọlé mọ́. Nígbà tó di 22 Oṣù Keje 2025, wọ́n kúkú ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ náà, láti Oṣù Kìíní 2024, àfi ìwọ̀nba bí ẹni tó bá ń ṣèwádìí irú ti PhD ló lè mú ìdílé dání. Ẹnikẹ́ni tó bá ń polówó físà ìtọ́jú Ìlú Ọba fún yín lónìí, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn náà ni wọ́n yọ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí kò tó ìpele digirí kúrò nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba físà. Ìwọ̀nba tí wọ́n dá sí fúngbà díẹ̀, ẹni tó bá bá ọ̀nà ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọjọ́ náà kò lè mú ìyàwó lọ. Owó oṣù tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n sì ti di £41,700 lọ́dún.

Owó ìlera tí wọ́n ń gbà ṣáájú wà lọ́tọ̀: £1,035 lórí àgbàlagbà kan lọ́dún kan, £776 lórí ọmọdé. Ẹ ṣírò tọkọtaya àti ọmọ méjì fún ọdún márùn-ún. £18,110 ni, wọ́n á sì ti gbà á tán kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ físà. Ilẹ̀ Àlàbàtà á ti parí síbẹ̀.

Bàbá_Ìbarà
Ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ́ kí n tó padà wálé, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ yìí, òótọ́ ni. Lásìkò tiwa, èèyàn á fi ìwé ẹ̀kọ́ wọlé, á máa fọ ọ́fíìsì lálẹ́, ìyàwó á máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ọmọ á wà lọ́dọ̀ obìnrin òyìnbó kan tí à ń sanwó fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn ò gbọ́ Yorùbá títí dòní. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Àwọn Sàró (àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú) tó kúrò ní Freetown padà wá sí Abẹ́òkúta yìí láti bí 1839, ṣebí àwọn ìrìn-àjò kan tí wọn ò fẹ́ ló gbé wọn débẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kó iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti ìwé bọ̀ wálé. Ẹ̀gbá ti ń rìn tipẹ́.

Ìbéèrè tèmi fún ọmọ mi rewáyà ni pé: ṣé ẹ fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ yín ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kúrò ní Nàìjíríà? Torí mo mọ ẹnjiníà tó fi ìyókù ayé ẹ̀ wakọ̀ takisí, ó wakọ̀ náà dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá mutí díẹ̀, ọ̀rọ̀ afárá ló máa ń sọ.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Hamburg
Ìbéèrè Bàbá yẹn gan-an ló mú èmi lọ sí Jámánì, torí náà ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀gbọ́n ṣe ìṣirò tiwọn.

Láti 1 Oṣù Kẹfà 2024 ni Jámánì ti gbé Chancenkarte jáde. Ẹni tó ní ẹ̀rí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba orílẹ̀-èdè tirẹ̀ fọwọ́ sí, tí ó sì gbọ́ Jámánì díẹ̀ (ìpele A1) tàbí Gẹ̀ẹ́sì dáadáa (ìpele B2), lè wá fún ọdún kan láti wáṣẹ́. Máàkì 6 ni wọ́n ń wá. Ẹ ò tíì pé 35, máàkì 2 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti fi ọdún márùn-ún ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́ nínú ọdún méje tó kọjá, máàkì 3. Ó ti di 5. Tẹ́ ẹ bá wá kọ́ Jámánì dé A2, ó pé. Goethe-Institut, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Jámánì, wà ní Èkó. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá 35, máàkì kan já nìyẹn, ẹ ó wá nílò B1. Torí náà ọ̀rọ̀ yín ní aago.

Owó ń kọ́? Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ lówó tẹ́ ẹ máa jẹ. €1,091 lóṣù kan ni wọ́n ń béèrè ní 2025, ó lé díẹ̀ ní €13,000 lọ́dún. Báńkì ibẹ̀ á tì í pa, wọ́n á máa yọ ọ́ fún yín lóṣooṣù. Owó yín náà ni, ẹ ò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì lè máa ṣiṣẹ́ ogún wákàtí lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ ṣe ń wá iṣẹ́ gidi.

Èyí tí kò dùn níbẹ̀: ìdílé kì í sábà bá èèyàn wá ní ìpele àwáṣẹ́ yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ máa kọ́kọ́ wá. Èdè náà kì í ṣe eré. Ọ̀gá lè máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n rewáyà tó ń wọ ilé oníbàárà gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí màmá àgbà inú ilé ń sọ. Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù ń tì, ẹ ò sì gbọdọ̀ lu ògiri tàbí fi dríìlì lu nǹkan. Aládùúgbò mi kan ilẹ̀kùn mi nítorí àwòrán kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi ìṣó kọ́. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gba hámà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní "Montag". Lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra ẹ̀ ló wá bá mi kan án.

Adúkẹ́_Ọbàntókò
Jámánì tí wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà lọ́wọ́ èèyàn kó tó di ọmọ ilẹ̀ wọn? Ẹ má kó wọn sí wàhálà o.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Hamburg
Àǹtí Adúkẹ́, òfin yẹn ti yí padà. Láti 27 Oṣù Kẹfà 2024, èèyàn lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì ní Jámánì, ọdún márùn-ún sì ni wọ́n ń béèrè dípò mẹ́jọ tẹ́lẹ̀. Òfin Nàìjíríà náà kò ní kí ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí fi tiẹ̀ sílẹ̀.

Kútọnu_Kìí_Ṣe_Òkèèrè
Gbogbo yín ń sọ Yúróòpù. Kúrò ní Ìdìrókò, o ti dé Bẹ̀nẹ̀. Àdéhùn ECOWAS fún èèyàn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí físà. Wọ́n ń sọ Yorùbá ní Kétu, ní Sábẹ̀, ní Àjàṣẹ́. Owó sẹ́fà wọn kì í ṣubú bíi náírà. Èmi ń gbé ibẹ̀, mo ń wálé wá rí màmá mi ní Lafẹ́nwá nígbàkigbà tó bá wù mí. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn.

Ọ̀dọ́_Sàpọ́n
Bọ̀dá, wọ́n ní òkè òkun, ẹ̀yin ń sọ Ìdìrókò 😂

Kútọnu_Kìí_Ṣe_Òkèèrè
Rẹ́rìn-ín. Faransé tí mo kọ́ níbí, àbúrò mi obìnrin fi irú ẹ̀ wọ Kánádà. Wọ́n máa ń pe àwọn tó gbọ́ Faransé lọ́tọ̀, máàkì tí wọ́n sì ń gbà fún wọn kéré sí ti àwọn yòókù.

Ìyàwó_Alhájì
Ọkọ mi wà ní Dubai, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló ń ṣe. Owó ń wọlé lóòótọ́, wọn kì í yọ owó orí nínú owó oṣù. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́ta tiwa yìí náà ni wọ́n ń lò, rewáyà ò ní ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọwọ́ ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ni físà yín wà. Iṣẹ́ bọ́, ìwọ̀nba àkókò ni wọ́n á fún yín láti wá òmíràn tàbí kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ lè pẹ́ níbẹ̀ títí irun á fi funfun, àlejò ṣì ni yín. Oòrùn ibẹ̀ sì le débi pé ìjọba fòfin de iṣẹ́ ìta láti 12:30 sí 3:00 ọ̀sán, láti 15 Oṣù Kẹfà títí di 15 Oṣù Kẹsàn-án. Ibi téèyàn ti ń kówó jọ padà wálé ni, kì í ṣe ibi téèyàn ń kó ọmọ lọ gbé. Tó bá jẹ́ owó ilé nìkan lẹ̀ ń wá, mi ò ní kí ẹ má lọ.

Ará_Àdìgbẹ̀_Winnipeg
Ẹ̀gbọ́n Rewáyà, èmi náà, iná ni mo kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ Kánádà bó ṣe rí, torí ẹni tó ní "ẹ tẹ̀ síwájú" lókè yẹn kò sọ nǹkan kan (Àǹtí Adúkẹ́, ẹ má bínú).

Ohun tó dáa jù níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Express Entry (ètò tí wọ́n ti ń fi máàkì yan àwọn tó fẹ́ wá máa gbé ibẹ̀), gbogbo ìdílé lẹ jọ ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ títí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá balẹ̀, ìyàwó lè ṣiṣẹ́ níbi tó bá wù ú, ọmọ á lọ síléèwé ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá lo ọjọ́ 1,095 nínú ọdún márùn-ún, ẹ lè béèrè láti di ọmọ ilẹ̀ wọn. Iṣẹ́ rewáyà sì wà nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n máa ń pè lọ́tọ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò dùn. Ìwé HND yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí WES (ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀kọ́ wò) tàbí irú wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má rò pé wọ́n á kà á sí digirí. Láti ọmọ 30 ọdún ni máàkì ọjọ́ orí ti ń já lọ́dọọdún. Àwọn ejẹ́ǹtì tó ń ta lẹ́tà iṣẹ́ fún yín pé ó ń fi máàkì kún un, irọ́ ni: wọ́n ti yọ máàkì lẹ́tà iṣẹ́ kúrò láti 25 Oṣù Kẹta 2025. Ejẹ́ǹtì kan gba owó irú ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìyá mi, títí di báyìí kò gbé fóònù. Owó tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin gbọ́dọ̀ fi hàn ní báńkì jẹ́ $28,362 ti Kánádà láti Oṣù Keje 2025. Kì í ṣe owó tẹ́ ẹ yá lálẹ́ àná o, wọ́n á wo bó ṣe ń wọlé fún oṣù mẹ́fà.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, ẹ ò lè débí lónìí kẹ́ ẹ fọwọ́ kan iná lọ́la. Ní Manitoba, ní Ontario náà, rewáyà gbọ́dọ̀ ní ìwé ìpínlẹ̀ tàbí kó wà lábẹ́ ọ̀gá. Red Seal ni ìwé tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹ ó tún ìwé kà. Iná wọn 120 fólítì ni. Ilé wọn pákó ni, kò sí pé à ń fi ṣíṣẹ́lì gbẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù ká tó ri páìpù. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni àwọ̀ wáyà: dúdú tí à ń lò fún neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Ìtòkú àti Ìjàyè, òun ni iná ń gbà kọjá níbí, funfun ni neutral wọn. Ọwọ́ tó ti mọ́ra yẹn lè pa èèyàn. Títí dòní, mo máa ń fi tẹ́sítà kàn án kí n tó fọwọ́ kàn án.

Òtútù ń kọ́? Ó máa ń lọ sí 30 lábẹ́ òdo. Irun imú á dì.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Hamburg
Ẹ̀gbọ́n Rewáyà, ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Níbí, 230 fólítì ni bíi tilé, brown ni iná, blue ni neutral, èyí tí wáyà tuntun tí wọ́n ń tà ní Kútọ̀ náà ń lò. Ọwọ́ yín ò ní ṣàjèjì. Ẹ̀rí iṣẹ́ yín lẹ máa kó fún àwọn tó bá fẹ́ ṣàyẹ̀wò rẹ̀, mi ò sọ pé kò sí ìdánwò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín lẹ máa ṣe.

Ará_Àdìgbẹ̀_Winnipeg
Ìyàwó ń kọ́? Ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí ọmọ, mi ò lè gbà á.

Rewáyà_Aṣerò
Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti ń rò ó báyìí pé Jámánì ló bá iṣẹ́ mi mu, Kánádà ló bá ilé mi mu. Ìyẹn gan-an ló wá dàrú. Màmá mi náà, ta ló máa tọ́jú wọn tí gbogbo wa bá lọ?

Ìyá_Tolú_Aṣerò
Ẹ káàsán o. Èmi ni ìyàwó tó ní Ìlú Ọba lòun fẹ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé tó bá jẹ́ èdè ni, Ìlú Ọba rọrùn fún àwọn ọmọ. Ọkọ mi gbọ́ ìdajì.

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti òkè. Gbogbo yín ń bá rewáyà ṣírò máàkì, kò sẹ́ni tó béèrè iṣẹ́ tí èmi ń ṣe. Tíṣà ni mí. B.Ed ni mo ní láti TASUED, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ látìgbà tí mo ti sìnrú ìlú. Ọmọ ọdún 28 ni mí.

Ará_Àdìgbẹ̀_Winnipeg
Haa! Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa èyí mọ́nú látàárọ̀?

Ẹ gbọ́ mi, Ìyá Tolú. Ẹnì kan nínú tọkọtaya ló ń jẹ́ olórí ìwé, kò sì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkọ ni. Ní ọmọ ọdún 28, gbogbo máàkì ọjọ́ orí lẹ máa gbà. Digirí yín, digirí ni. Láti Oṣù Kejì 2025, Kánádà ti fi iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kún àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ń pè lọ́tọ̀, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọkọ yín á wá jẹ́ ẹni tó tẹ̀lé yín, ìwé àti èdè tiwọn náà á fi díẹ̀ kún un.

IELTS General ni kẹ́ ẹ ṣe o, kì í ṣe Academic. 6 níbi gbogbo ni wọ́n fi ń wọlé sínú ètò náà, ṣùgbọ́n 8 níbi ìtẹ́tísílẹ̀ àti 7 níbi mẹ́ta yòókù ló ń gbé máàkì sókè gan-an. Èsì rẹ̀ ń lo ọdún méjì. Ọkọ náà kó ṣe tiẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Hamburg
Ó dáa, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Ìyá Tolú mọ̀ pé kí wọ́n tó kọ́ ọmọ nílé ìwé ìjọba ní Kánádà, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tíṣà wọn, ó máa ń pẹ́, ìpínlẹ̀ sì lè ní kí wọ́n lọ kà kún un.

Ará_Àdìgbẹ̀_Winnipeg
Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ ṣe olùrànlọ́wọ́ tíṣà tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kéékèèké. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ọmọ àti ọkọ wà nílé.

Ní ti Màmá, tẹ́ ẹ bá ti fìdí kalẹ̀ tí owó tó ń wọlé fún yín sì tó òṣùwọ̀n wọn, Super Visa wà fún òbí àti òbí àgbà. Wọ́n lè gbé tó ọdún márùn-ún nígbà kan kí wọ́n tó padà. Ẹ máa ra adójútòfò (insurance) ìlera fún wọn o, kì í ṣe owó kékeré.

Ìyàwó_Alhájì
Ẹ bi Màmá léèrè kẹ́ ẹ tó máa ra nǹkan kan fún wọn. Ìyá ọkọ mi ní òun ò lè fi Pánṣẹ́kẹ́ sílẹ̀ lọ síbi tí òun ò ti ní rí ẹni bá ṣeré.

Ìyá_Tolú_Aṣerò
Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn máa lọ, tí láfún bá wà níbẹ̀.

Ará_Àdìgbẹ̀_Winnipeg
Ó wà. Ó wọ́n ni.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí-Àbà
Ìyá Tolú, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun: orúkọ wo ló wà lórí B.Ed yín, orúkọ wo ló sì wà lórí pásípọ́ọ̀tì? Tí ìwé bá jẹ́ orúkọ bàbá yín, tí pásípọ́ọ̀tì wá jẹ́ ti ọkọ, ẹ yára ṣe àwọn ìwé ìbúra àti ti ìgbéyàwó sílẹ̀. Tẹ́ ò bá tíì ní pásípọ́ọ̀tì, láti 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025 ni olójú ewé 32 ti di ₦100,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti àwọn ọmọ náà bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Tolú_Aṣerò
Orúkọ bàbá mi ló wà lórí ìwé. A ò tíì ṣe pásípọ́ọ̀tì àwọn ọmọ. Ẹ ṣé, àǹtí, ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.